Pákó Tí Kò Gbẹ

Afusat ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, fún àbúrò rẹ̀ Rasheedat, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Thamesmead, ní London, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń já ẹ̀fọ́. Ó ní kì í ṣe igi ló kọ́kọ́ fu òun lára. Bí ọkọ òun ṣe ń sùn ni.

Nurain kì í sùn jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò wọ́ aṣọ ìbora kúrò lára ìyàwó rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kejì ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó ṣàdédé ń sùn láìmira. Yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀, yóò pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí Afusat bá jí láti kírun àárọ̀, yóò bá a tó ti fi ìhà ọ̀tún dùbúlẹ̀, tó kọjú sí kíbílà, ìhà Mẹ́kà, aṣọ ìbora kò sì ní ṣẹ́ po níbì kankan. Àfi bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀.

Afusat mọ irú ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wà lára àwọn obìnrin tí mọ́sálásí máa ń ránṣẹ́ pè ní Woolwich bí obìnrin bá kú, kí wọ́n wá wẹ̀ ẹ́. Òun ló máa ń po omi ìkẹyìn, èyí tí wọ́n ń fi kafúrà olóòórùn líle sí. Òórùn kafúrà yẹn kì í tètè kúrò. Ó máa ń wà lára ìbòrí rẹ̀, ó máa ń wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó gbóòórùn kafúrà lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó rò pé ọ̀dọ̀ òun ló ti ràn án. Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó kó gbogbo ìbòrí rẹ̀ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Òórùn náà kò lọ.

Gìtá ni Nurain ń ṣe. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ló ti fi ojú ara rẹ̀ kọ́ gìtá ṣíṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn àwọn ilé gogoro etí odò ní Royal Arsenal, ní Woolwich. Ẹ̀yìn gìtá kì í ṣe pákó tó nípọn. Ńṣe ni wọ́n máa ń gbé pákó nàró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tì í gba ojú ẹ̀rọ ayùn kí ó là sí méjì pẹlẹbẹ, wọ́n á wá ṣí i bí ẹni ṣí ìwé. Ohun tó wà lójú ọ̀tún á wà lójú òsì, bí ẹni wo díńgí. Nurain fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Ó máa ń sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí inú igi náà láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a.

Báyọ̀ ló ta pákó náà fún un. Báyọ̀ ní ọkọ̀ ẹrù, ó máa ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù tó bá ti òkè òkun dé.

"Uncle, wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹrù kan tó ti Ìbàdàn wá ni," ló wí. "Ẹni tó ni ẹrù ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní kí n jù ú nù. Mo wá ní èmi mọ bàbá kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n ju igi nù."

Pákó náà gùn ju èèyàn lọ díẹ̀. Ó ti dúdú, ojú rẹ̀ kan sì ń dán bí ohun tí ọwọ́ ti ń pa láti ayébáyé. Nurain ṣe fún un bí ó ti máa ń ṣe fún igi tí kò bá mọ̀. Ó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé etí rẹ̀ tín-ín-rín, ó tutọ́ sí i, ó gbé díńgí kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jọ ti ọ̀gànwó. Ó gbé e wò lọ́wọ́, ó wúwo bí ọ̀gànwó. Lẹ́yìn náà ló gbé e símú, imú rẹ̀ sì ní kafúrà ni.

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ó gba ti imú gbọ́. Nígbà tó délé, inú rẹ̀ ń dùn débi pé ara rẹ̀ kò gbà á.

"Igi kan wà ní ilẹ̀ àwọn ará Ṣáínà," ó sọ fún Afusat nídìí oúnjẹ, "òun fúnra rẹ̀ ló ń ta sánsán bíi kafúrà. Wọ́n ń fi ṣe àpótí aṣọ. Mi ò tíì rí gìtá tí wọ́n fi ṣe rí láyé mi."

"Báwo ni igi Ṣáínà ṣe dé Ìbàdàn?"

"Ìwọ náà ṣe dé London?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Nurain rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nìyẹn fún ọjọ́ gbọọrọ.

Ó la pákó náà. Nígbà tó ṣí i, ó rí àwòrán kan nínú rẹ̀ tó dúdú ju ìyókù lọ, tó fẹ̀ lókè, tó wá ń rọra kéré lọ sí ìsàlẹ̀. Ó pè é ní ọnà. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín àwọn pákó pẹlẹbẹ méjèèjì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, ó ń dúró kí wọ́n gbẹ. Wọn kò gbẹ. Láràárọ̀ ni yóò fi ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi kàn wọ́n, ẹ̀rọ náà á sì fi hàn bí ẹni pé ìdí odò ni wọ́n sùn. Bí ó bá di èyí kan mú létí, tó fi oríkèé ìka kàn án láti gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ní ohùn. Ọ̀gànwó tó dáa máa ń dáhùn bí agogo. Èyí dà bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn, tí ẹnì kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò fẹ́ dáhùn.

Bí pákó náà ti ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni Nurain ń tutù. Afusat fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó fa ọwọ́ padà. Nurain gun àtẹ̀gùn ilé, kò mí gúlegúle, kò làágùn. Oúnjẹ kì í wù ú mọ́. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dín kù, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ tán ni. Afusat, tó ti rí òkú púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù láti wo ojú ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn.

Ní Ọjọ́rú kan, ó pè é lórí fóònù títí, kò gbé e. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich. Bó ti ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òórùn náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Ó rántí pé ó ti lé ní oṣù kan tí òun ti wẹ òkú kẹ́yìn.

Nurain jókòó síwájú àwọn pákó náà, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Etí pákó kan tó ti gé kúrò wà nílẹ̀. Afusat mú un. Ojú ìṣàn omi kan wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ tààrà kí omi lè ṣàn sí ìdí. Ó fi ìka tọ ojú ìṣàn náà. Ó wá gbójú sókè, ó wo ọnà tó wà nínú pákó méjèèjì. Èjìká ni. Ìbàdí ni. Gìgísẹ̀ ni.

"Bàbá Anisah," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ kò wo ẹ̀gbẹ́ igi yìí?"

"Igi kafúrà ni."

"Kì í ṣe igi kafúrà. Ọ̀gànwó ni, bí ojú yín ṣe sọ fún yín. Kafúrà ni wọ́n ti ń dà sí i lára láti ọdún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Pákó tí wọ́n ń wẹ òkú lórí rẹ̀ ni."

Nurain fọwọ́ pa ojú pákó náà. "Mo sùn lórí rẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí Báyọ̀ gbé e wá. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní kí n nà á díẹ̀. Afusat, mi ò sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí. Báyọ̀ ní òun pè mí títí kí n tó jí."

Afusat mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé, ó fi í sídìí ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá Alfa Yẹ̀kínì ní Abbey Wood. Àgbàlagbà ni Alfa, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló máa ń jókòó sí báyìí, ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun àti bàbá rẹ̀ ló ń wẹ òkú àwọn ọkùnrin àdúgbò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ojú dídán rẹ̀ ló wà lókè nígbà tó sùn lórí rẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

"Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí a bá wẹ èèyàn tán, a máa da omi lásán sórí pákó náà, a ó wá dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti tán. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì wà lókè, iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn. Ọkọ yín lọ dùbúlẹ̀ sáàárín iṣẹ́."

"Ó dìde, Alfa. Ó tún fi ayùn là á."

"Ó dìde lójú tiwa," ni Alfa wí. "Àlájà, ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ parí rẹ̀. Èmi ì bá lọ fúnra mi, ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó lè wẹ ọkọ rẹ̀. Ẹ wẹ pákó náà bí ẹni pé ọkọ yín ni, ẹ wé e, ẹ sin ín. Ẹ má kírun sí i lára o. Ẹni tó ni í ṣì wà láàyè."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Báyọ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Afusat dé Woolwich. "Auntie, ṣé kí n wọlé bá yín ṣe é?" Ó ní kí ó dúró sínú ọkọ̀. Báyọ̀ kò jiyàn rárá.

Afusat gbé àwọn pákó náà lé ara wọn bí wọ́n ti wà kí ayùn tó ya wọ́n, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fa aṣọ bo àárín wọn, láti ibi tí ìdodo máa wà dé orúnkún. Ó dárúkọ Ọlọ́run. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Nínú aṣọ tó wé mọ́ ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n bí igi mọ́. Pákó náà gba omi bí awọ ara ti í gbà á, Afusat sì mọ ibi tí egungun wà àti ibi tí kò sí. Kò sunkún. Ó ti kọ́ ara rẹ̀ láti má ṣe sunkún nídìí iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó da omi ìkẹyìn sí i, èyí tó fi kafúrà sí, òórùn kafúrà tó ti kún inú ṣọ́ọ̀bù náà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òórùn ọ̀gànwó ló kù.

Ó fi aṣọ funfun wé wọn, ó gbé wọn sábẹ́ abíyá kan, ó fi ọwọ́ kejì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó délé, Nurain wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ti gbé ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì àná. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń kán. Aṣọ rẹ̀ tutù mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Afusat fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó gbóná.

"Omi yẹn tutù o," ni ó wí. "O kò tilẹ̀ ro ti ọjọ́ orí mi."

Afusat jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Nurain gbé ìkòkò sílẹ̀.

"Mo mọ ọwọ́ rẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọwọ́ rẹ kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, orí rẹ̀ ni mo sùn lé. Nígbà tí o wẹ̀ mí tán, tí mo ń dìde, ó bi mí, jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, pé ta ni yóò wá wẹ òun."

Afusat wo aṣọ funfun tí òun gbé wọlé sórí tábìlì. Ọkùnrin ni, kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀. Kò lè ṣe é.

"Èmi ni," ni Nurain wí. Ó nawọ́ sí i kí ó fa òun dìde.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ṣe é, nínú oòrùn ọ̀sán tí kò lágbára. Afusat kọ̀yìn sí wọn bí ó ti yẹ, ó ń sọ ohun tó kàn fún ọkọ rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ó gbọ́ omi. Ó gbọ́ tí Nurain ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ má bínú. Ó ti tán." Ó sì gbọ́ tí ó dákẹ́, bí ẹni tó ń fetí sí èsì, kí ó tó tún sọ pé, "Àmín."

Wọ́n tún fi aṣọ funfun wé e, wọ́n pe Báyọ̀ wọlé láti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Nígbà tí ó tó láti gbé ohun tí Afusat nìkan ti gbé sábẹ́ abíyá wálé, Nurain fi ọwọ́ sí ibi orí, kò gbéra. Báyọ̀ bọ́ sí ibi ẹsẹ̀, kò gbéra síbẹ̀. Àfìgbà tí Afusat fi apá méjèèjì há a láàárín ni àwọn mẹ́ta tó lè gbé e, wọ́n sì rọra ń tẹ̀lé ara wọn títí wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ kíbílà, tí wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 2023.