Fàdákà Ọrùn Ìyá Rẹ̀

Omi ṣì ń kán nínú irun ọkùnrin náà nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kó má baà kó yanrìn wọlé. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí òṣùwọ̀n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rìn wá ni, àbí ẹ lúwẹ̀ẹ́ wá?”

“Mo lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, mà. Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù.”

Òmùwẹ̀ ni. Abẹ́ omi ló ti ń tún ìdí ọkọ̀ òkun ṣe. Ó tú aṣọ kékeré kan, ó gbé ẹyọ owó fàdákà kan síwájú rẹ̀. Ojú kan ṣì mọ́. Iyọ̀ òkun ti jẹ ojú kejì bíi búrẹ́dì tí eku jẹ.

“Bàbá mi ló yọ ọ́ nínú ọkọ̀ tó rì láyé àtijọ́. Ó gbé e yá alágbẹ̀dẹ fàdákà kan. Kò pẹ́, irú rẹ̀ kún ìgboro, àwọn èèyàn ní bàbá mi ló ń ṣe ayédèrú. Orúkọ yẹn ló gbé wọ sàréè. Mi ò fẹ́ tà á. Òótọ́ ni mo fẹ́ mọ̀.”

Ọmọbìnrin náà lè parí iṣẹ́ yẹn kí irun ọkùnrin náà tó gbẹ. Ó ní kó padà wá lọ́la.

Ó padà wá. Ó tún padà wá.

“Ìyá Òṣùwọ̀n, ẹ ò tíì parí?”

“Ohun tó sùn sínú òkun tó bẹ́ẹ̀ kì í kánjú. Jókòó.”

Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń wo fàdákà. “Òòlù ni wọ́n fi lu ojúlówó, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní ìbejì. Bí o bá rí méjì tí àpá wọn wà lójú kan náà, wọ́n da ọ̀kan láti ara èkejì ni.”

“Ìwọ náà ò ní ìbejì, adúmáadán.”

“Gbẹ́nu dákẹ́, kí o wo owó.”

Ìgbà yẹn ni bàbá ọmọbìnrin náà, tó ni ṣọ́ọ̀bù, jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Owó fàdákà kan wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ló fi fẹ́ ìyá ọmọbìnrin náà. Nígbà tí ìyá kú, ó fi í sọ́rùn ara rẹ̀. Ó wo owó tó wà lórí tábìlì. Àpá kan wà létí owó náà. Àpá yẹn gan-an wà létí èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ń gbé irọ́ kiri,” ni ó wí. “Kì í ṣe èmi. Jáde.”

Òmùwẹ̀ wo ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà ti wọn owó yẹn, ó mọ òótọ́. Ó tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n.

“Mo rò pé ẹ máa sọ̀rọ̀,” ni òmùwẹ̀ wí. Ó tún ti padà sí “ẹ”. Ó mú owó rẹ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ bọ́ ọ kí n wọ̀n ọ́n.”

Bàbá bọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà wọ̀n ọ́n, ó wo etí rẹ̀ yíká.

“Bí ẹnì kan bá fi amọ̀ tẹ ojúlówó, tó da fàdákà sínú amọ̀ náà, fàdákà yẹn á súnkì tó bá tutù. Tiyín kéré sí ti òmùwẹ̀. Ìlà ibi tí amọ̀ méjì ti pàdé wà létí tiyín. Ẹ má bínú, Bàbá. Bàbá rẹ̀ ò purọ́.”

Bàbá gba fàdákà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí?”

“Màmá ni.”

“O wá rò pé Màmá ò mọ̀?”

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i.

“Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi wọ̀n ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi í sọ́rùn, kò bọ́ ọ mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọrùn yẹn ṣẹ̀sín. Ìdí tí mo fi lé ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Kò dáa.” Ó dìde. “Wọ bàtà rẹ.”

Òmùwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè láti inú omi nígbà tí wọ́n dé èbúté. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró yí i ká. Bàbá gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Ojúlówó ni owó bàbá rẹ. Èmi oníṣòwò fàdákà ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni ti àná.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá.” Omi bo ojú òmùwẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti òkun. Ó mú owó náà jáde, ó nà án sí ọmọbìnrin náà. “Gbà á. Fi sọ́rùn.”

“Rárá. A kì í lu ojúlówó níhò. Tọ́jú ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.”

Àwọn òmùwẹ̀ hó yèè.

“Àwọn ọmọ ta ni?” ni òmùwẹ̀ bèèrè.

“O gbọ́ mi.”

Bàbá mú fàdákà ọwọ́ rẹ̀, ó fi í kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. “Eléyìí ti mọ ọrùn,” ni ó wí, ó sì ṣíwájú.

Òmùwẹ̀ wá bàtà rẹ̀ títí, kò rí i. Ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ̀ lé wọn lọ sílé.