Ẹ́ńjìnnì Olówòkéré

Ẹ̀yìn ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kọ sí fóònù nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òun àti bàbá rẹ̀. Ìpẹ̀kun èbúté Abereke ni, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dúró díẹ̀ kó tó sá lọ. Èmi fẹ́ pe ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn ni mo bá ọkùnrin gíga kan tó gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń fi ẹja han oníbàárà, tó ń bẹ ọmọ tí kò dá a lóhùn.

"Ẹ dákun, tíṣà," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún un kó yíjú. Agbaninímọ̀ràn wa wà lórí fóònù."

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi láti òkè wá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ni, ariwo òkun ò sì tíì jẹ́ kí n sùn dáadáa, inú ń bí mi sí gbogbo ayé.

"Ẹ jókòó ná," mo ní. "Ta ló fẹ́ wojú ẹni tó dúró lé e lórí bí ọlọ́pàá?"

Ó jókòó. Obìnrin inú fóònù rẹ́rìn-ín. Balqees lorúkọ rẹ̀, Ìlọrin ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn ìdílé tí nǹkan dàrú fún sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn elétò ìrànwọ́ kan ló fún Ísákì, bàbá ọmọ náà, ní nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn ogun orí omi.

Ogun yẹn, kò sílé tí kò kàn. Àwọn oníbọn inú ọ̀sà ń já lu abúlé, wọ́n ń kó ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń kó èèyàn. Ọjọ́ tí wọ́n dé Abereke, wọ́n yìnbọn pa Rhoda, ìyàwó Ísákì, lórí èbúté yìí kan náà. Láti ìgbà yẹn, Ìmọ́lẹ̀ ń bá ìyá-ńlá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n kò bá bàbá rẹ̀ sọ ohunkóhun mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pe Balqees. Ọmọ náà ní òun ò ní lọ tí tíṣà ò bá bá òun lọ. Bí mo ṣe di ará ilé wọn nìyẹn.

Ísákì ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ. Ẹja tútù ló ń gbé wá sílé mi, àá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àá máa tún àwọ̀n ṣe.

"Mosún, o mọ̀ pé mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Ẹja yín ń bá yín sọ ọ́," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Mi ò ní fi bò, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ lójú òkun, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi.

Ìyá mi bínú nígbà tó gbọ́ pé a fẹ́ fẹ́ra. "Ọkùnrin tíyàwó rẹ̀ kú, orí omi, ìbọn! Ṣé ọkùnrin tán ní Ìṣẹ́yìn ni?" Ìyá Ísákì, Màmá Moríkẹ́, náà ní tiẹ̀. "Ọma mi," ó ní, "ará òkè ò mọ omi. Ṣùgbọ́n tó o bá lè mú kí ọmọ yìí bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi ni n ó dáná ìgbéyàwó yín." Nígbà tó yá, ìyá mi náà rọ̀. Wọ́n dájọ́ ìdána.

Lọ́jọ́ kan, Balqees ní kí kálukú sọ bí ọjọ́ burúkú yẹn ṣe rí lójú tirẹ̀. "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀."

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tó sọ, ẹ mọ èyí: etí ni wọ́n fi ń mọ ọkọ̀ ní Abereke. Kí ọkọ̀ tó yọ, wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ísákì ló mọ̀ ọ́n jù, ó sì máa ń fi yangàn.

"Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì," Ísákì ní. "Ti Olówòkéré ni, ẹni tó ń ra edé wa. Rhoda ní ká ní sùúrù, pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní, 'Ṣé mi ò mọ ẹ́ńjìnnì Olówòkéré ni? Gbé edé rẹ lọ kí àwọn yòókù tó ṣáájú ẹ.' Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ. Ẹ́ńjìnnì Olówòkéré ni lóòótọ́. Àwọn oníbọn ti pa á láàárọ̀, wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ló wà nínú ẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ yíjú padà.

"Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ní kí màmá mi lọ. Ẹ wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé fúnra wọn ni wọ́n sáré lọ."

Ohun tó kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ sọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ísákì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó bí, lórí pákó èbúté. "Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Ojú ló ń tì mí. Jọ̀ọ́."

Ọmọ náà nawọ́ sí mi. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Àǹtí Mosún, ẹ máa rán àwọn náà lọ bí ẹ ṣe rán màmá mi."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, pé á rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọjú báyìí, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá dún lókèèrè, á di ìró mi mú, kò ní jẹ́ kí n kúrò lójú kan.

Balqees pe èmi nìkan. "Tíṣà, mi ò lè pàṣẹ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá wò yín, kì í ṣe ìyàwó tuntun ló ń rí. Ẹni tí ikú kàn ló ń rí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ọkọ míì fún mi?" mo jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ bínú sí mi," ó ní. "Mo lè gbà á."

Mo bínú sí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, mo lọ bá Ísákì nídìí ọkọ̀ rẹ̀.

"A lè dúró dè é," ó ní.

"Bí mo bá wà níbí, á máa ṣọ́ mi ni. Ọmọdé kan kì í fi ojoojúmọ́ ṣọ́ ikú."

"Mosún mi, mo fẹ́ràn ẹ."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn yín. Ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín."

Ó sunkún. Èmi ò sunkún níwájú rẹ̀, orí kunkun mi ò jẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba gbé mi kúrò, wọ́n sì gbé mi lọ sí Òkìtìpupa. Màmá Moríkẹ́ di edé fún mi, ó ń dì í, ó ń tú u, ó ń tún un dì.

Ìmọ́lẹ̀ pè mí lánàá.

"Àǹtí Mosún, bàbá mi gbé mi lọ sójú òkun lónìí. A sọ̀rọ̀ màmá mi títí. A tún rẹ́rìn-ín."

"Ó dára, ọmọ mi. Inú mi dùn gan-an."

Mo dúró, bóyá á ní bàbá òun kí mi.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí," ó ní, ó sì pa fóònù. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omijé sì ń dà lójú mi.