Ọkùnrin Onífìlà Inú Iyanrìn

"Màmá, ṣé ẹni tó ti kú máa ń mọ̀ pé a ti kó kúrò nílé?"

Ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún kan bi ìyá rẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé ilé tuntun. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó pe ìyá tirẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ní, "Jẹ́ kó jẹun kó sùn, o jàre." Kò sí àbùmọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò sùn mọ́. Yóò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò kọjú sí ilẹ̀kùn, yóò máa retí bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ìyá yóò jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ojú ọmọ ti jìn wọnú.

Ìyá wá mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń fi iyanrìn àti ìtàn tọ́jú àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Ọmọ sọ ọ́ ní Àǹtí Oníyanrìn. Àpótí pẹrẹsẹ kan wà nínú yàrá rẹ̀, iyanrìn kún inú rẹ̀. Ère kéékèèké tò sórí pẹpẹ: ènìyàn, ẹran, ilé, mọ́tò. Ọmọ á mú èyí tó bá wù ú, á tò ó sínú iyanrìn, á sì sọ ìtàn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ọmọ tó tò ó nìkan ló lè tú u."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ẹnu ló fi gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kọ́ ilé méjì sínú iyanrìn, ó sì gbé ère ẹyẹ kan lé òrùlé ọ̀kan. Ìyá dá ilé wọn àtijọ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ère ọkùnrin kan tó dé fìlà jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, òun nìkan. Omi lé ròrò sójú ìyá. Ọkọ òun rèé, tó ń retí wọn nínú ilé òfìfo! Bí Àǹtí ti mú ọmọ lọ fọwọ́, ìyá gbé ọkùnrin náà kọjá iyanrìn, ó gbé e sínú ilé tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ère náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Ọmọ mi, Dádì ti mọ ilé wa báyìí. Mo ti gbé e wá."

"Ẹyẹ orí òrùlé ni Dádì," ọmọ dáhùn.

"Ta wá ni onífìlà?"

"Mi ò morúkọ ẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa nílé àtijọ́ ló máa ń jókòó sí." Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀. "Ìdí tí mo ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn."

Ìyá sáré pe Àǹtí lórí fóònù pé kó bá òun gbé ère náà padà.

"Mo ti tilẹ̀kùn, Màmá. Ó di ìgbà tí ọmọ bá padà wá. Àbí mi ò sọ fún yín ni?" Àǹtí tẹ́tí sílẹ̀. "Ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn yín yẹn?"

Ìyá yíjú padà. Kò sí ẹnì kankan.

Ilẹ̀ ṣú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àga tì í. Àṣé ẹni tó ti wọlé ló ń tì mọ́ra. Nǹkan kan ń dún ṣàà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí iyanrìn tó ń dà. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, etí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ wálẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó.

"Màmá, ẹ sọ ìtàn fún un," ni ọmọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó máa ń ṣe ohun tí ìtàn bá ní kó ṣe."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. "Ọkùnrin kan fẹ́ padà sílé rẹ̀. Ó dìde."

Bẹ́ẹ̀dì fúyẹ́.

"Ó gba pálọ̀ kọjá."

Ṣàà. Ṣàà.

"Ó sún àga kúrò."

Àga dún. Orí ọmọ wúwo lé ìyá lápá. Ó ti sùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé yẹn. Ara ìyá rọ̀. Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú lòun nìkan ti ń ṣọ́ òru. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún pé, bá mi dúró díẹ̀, kí n rẹjú.

"Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́," ó wí. "Ó wá... ó wá..."

Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ, kí ọkùnrin náà tó ṣílẹ̀kùn. Ilé pa rọ́rọ́. Gbogbo ará ilé sùn, àfi onífìlà tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ìtàn ṣe fi í sílẹ̀.