Ẹ̀rọ Géèmù Uzair àti Kọ̀ǹpútà Haniyyah

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní eegun nínú, ẹ máa rọra jẹ ẹ́.

Sabon Gari ní Minna ni Haniyyah ń gbé, ọmọ Ìlọrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó. Ó ṣa ẹ̀yà rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọjà Kure, bí ẹyẹ ṣe ń ṣa koríko ìtẹ́. Èyí tó bá gbó nínú rẹ̀, a yọ ọ́, a fi òmíràn rọ́pò. Àbúrò rẹ̀, Uzair, ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àríyànjiyàn àwọn méjèèjì kì í tán.

"Àǹtí, kí tiyín tó tàn tán, àwa ti gbá bọ́ọ̀lù dé ìlàjì!"

"Haba, Uzair! Àpótí tí wọ́n dì pa ni tìrẹ, eré nìkan ló mọ̀. Tèmi ń ṣeré, ó tún ń kọ́ mi níṣẹ́."

Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ẹbí máa ń wá láti Tayi Village lọ́jọ́ Iléyá, tí wọ́n á kún pálọ̀ fọ́fọ́ nítorí ẹ̀rọ Uzair. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Haniyyah gbọ́ tí fáànù inú ẹ̀rọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbà tó ń gun òkè. Eruku ni! Uzair wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bá bàbá wọn fún àgbò lóúnjẹ. Haniyyah tú síkúrù, ó gbé ìdérí sókè bó ṣe máa ń gbé ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tás! Wáyà pẹlẹbẹ kan, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ti já. Ẹni tó mọ ọ̀nà oko kò ní kó má béèrè ọ̀nà odò. Ó yára dé e padà.

Nígbà tí Uzair dé, ó tẹ ẹ́ títí, kò tàn. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Sabirah, àbúrò wọn ọmọ ọdún méje, tó gbé ife kunu dání.

"Kai! Sabirah, o ti da kunu sí i!"

"Wallahi, èmi kọ́!" Ẹkún gba ẹnu ọmọ náà.

Ìyá wọn kígbe láti ilé ìdáná: "Sabirah, o ò ní bá wọn ṣeré lọ́la!"

Kò sẹ́ni tó rí Haniyyah nígbà tó tú ẹ̀rọ náà. Bó bá dákẹ́, òun ṣì ni ọ̀gá tí gbogbo àdúgbò ń gbé fóònù wá bá láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹkún Sabirah ń gún un létí bí abẹ́rẹ́. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ fi Sabirah sílẹ̀. Èmi ni. Mo tú u, mo já wáyà rẹ̀. Mo rò pé bí tèmi ló rí."

Uzair yíjú sí i. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo nǹkan! Kí ni kí n wí fún àwọn ará Tayi lọ́la?"

Haniyyah nu ojú Sabirah. Ó wọ yàrá, ó gbé kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé jáde sí pálọ̀, ó sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Gbé páàdì méjèèjì tí o fi ń darí géèmù rẹ wá."

Uzair pòṣé, ṣùgbọ́n ó gbé wọn wá. Kọ̀ǹpútà kò kọ́kọ́ dá páàdì náà mọ̀. Haniyyah wá ọ̀nà sọ́tùn-ún, ó wá a sósì, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Uzair tó bínú jókòó jìnnà ti ń yọ́ súnmọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n máa pe ìrun Àsárì, bọ́ọ̀lù yí lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Kai! Àwòrán yìí mà mọ́ ju tèmi lọ!"

Haniyyah rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n o rí bó ti pẹ́ tó lọ́wọ́ mi. Bọ́tìnnì kan péré ni tìrẹ, gbogbo ilé á sì ti máa ṣeré. Páàdì rẹ yìí náà, kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Lọ́jọ́ kejì, pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, Sabirah náà sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, owó tí Haniyyah ń tọ́jú fún ẹ̀yà tuntun ló fi tún ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀ ṣe, kò sì ráhùn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò méjèèjì yìí rí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ mọ̀ fojú tín-ín-rín ohun tí ẹ ò mọ̀. Bí ẹ bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́, kó má baà di ẹkún lójú ẹlòmíràn.

Sabirah fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ní kí n má gbàgbé láti sọ fún yín pé òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ Iléyá náà, àwọ̀n Uzair ló sì gbá a sí.