Tanímọ̀la Ń Jẹun, Kò Lágbára

Inúmidùn jí. Ó na ara. Ó fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Tanímọ̀la, ó yá, jẹ́ ká lọ sáré."

Tanímọ̀la ni ajá Inúmidùn. Etí rẹ̀ kan nà sókè, èkejì rọ̀ sílẹ̀.

Àárọ̀ yìí, Tanímọ̀la kò dìde. Ó kàn gbé orí sókè. Ó mí, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Ó tún sùn.

Ara Inúmidùn kò balẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé. Ó padà wá. Ó tún lọ. Ó tún padà wá.

"Bóyá ebi ló ń pa á," ó wí.

Iwájú ilé ni ìyá rẹ̀ ti ń din dùndún tà. Ṣàá, ṣàá, ni òróró ń ké nínú agbada.

Inúmidùn kó èérún dùndún. Ó kó awọ ẹran dídín tó rin gbìndìn fún òróró. Ó gbé e fún Tanímọ̀la, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Wọ̀mù, wọ̀mù, wọ̀mù. Ó tán.

"O ti yó. Dìde báyìí."

Tanímọ̀la dìde. Ó rìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n. Gbì! Ó jókòó.

Inúmidùn sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, Tanímọ̀la jẹun yó. Kí ló dé tí kò lágbára?"

Ìyá rẹ̀ wá fọwọ́ kan ikùn ajá náà. Ikùn náà rí rogodo.

"Dádì rẹ á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ẹranko," ó wí.

Ni bàbá bá gbé ọ̀kadà jáde. Inúmidùn gbá Tanímọ̀la mọ́ra. Fùù, fùù, fùù, ó di Òmù-Àrán.

"Dádì, ṣé ó máa kú?"

"Dì í mú dáadáa, ọmọ mi."

"Dádì, ṣé a ti débẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀."

Níbẹ̀, Dókítà Hamidah fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ Tanímọ̀la. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó padà wá.

"Kí lẹ máa ń fún un jẹ?"

Inúmidùn wo ilẹ̀.

"Dùndún ni, mà. Àti awọ ẹran dídín."

Dókítà jókòó tì í nílẹ̀.

"O ṣeun tó o sọ òótọ́. Ṣé o rí i, bí ajá bá jẹun, oúnjẹ á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìránṣẹ́ kan wà níbẹ̀. Ínsúlìn lorúkọ rẹ̀. Á sọ fún ẹran ẹsẹ̀ pé, 'Oúnjẹ dé o, gbà á wọlé.'"

"Ẹran ẹsẹ̀ á sì gbà á?"

"Á gbà á. Oúnjẹ náà ni ajá fi ń sáré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ẹran ẹsẹ̀, kì í gbọ́ dáadáa mọ́. Ìránṣẹ́ á pè, pè, pè. Ẹran ẹsẹ̀ ò ní dáhùn."

"Ìyẹn ló ṣe ń jẹun tí kò lágbára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dín ọ̀rá kù fún un. Ẹ máa mú un rìn, díẹ̀díẹ̀. Ìrìn á jẹ́ kí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ tún máa gbọ́."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá se ẹja fún Tanímọ̀la láìfi òróró sí i.

Tanímọ̀la gbóòórùn ẹja. Ó gbójú kúrò. Ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbada dùndún.

"Wùùn," ó ń sunkún. "Wùùn."

Inúmidùn na ọwọ́ sí dùndún. Ó fà á padà. Ó tún nà án. Ó tún fà á padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Wùùn."

Bí mo bá jókòó síbí, màá fún un, ló rò nínú ara rẹ̀. Ó dìde fùú.

"Tanímọ̀la, wá ká rìn."

Wọ́n rìn dé ìdí máńgòrò. Wọ́n sinmi. Wọ́n padà.

Lọ́jọ́ kejì, Tanímọ̀la tún sunkún. Wọ́n tún rìn. Wọ́n kọjá máńgòrò.

Òjò rọ̀, Tanímọ̀la sunkún. Wọ́n rìn lọ, rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja. Díẹ̀díẹ̀, ikùn rẹ̀ fà sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Inúmidùn ń wá bàtà rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan já jáde nínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé.

Pátá-pàtà, pátá-pàtà! Tanímọ̀la ti lọ.

Inúmidùn wọ bàtà kan ṣoṣo, ó sá tẹ̀ lé e.

"Dúró dè mí!"

Tanímọ̀la kò dúró. Ó fo ebè kan. Ó fo òmíràn. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi lọ.

Nígbà tí Inúmidùn débẹ̀, Tanímọ̀la ń gbó sókè, wóò, wóò. Inúmidùn jókòó sórí ebè, ó ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Tanímọ̀la wá fi ahọ́n lá gbogbo ojú rẹ̀.