Òjé Tó Lé Lẹ́yìn Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Olójé máa rí i, obìnrin náà fi iwájú orí ti ọrùn ẹṣin, òun àti ẹṣin náà dijú, èèyàn ò lè sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbé èkejì dúró. Eré ìje ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Òógùn ẹṣin ti ba aṣọ obìnrin náà jẹ́, koríko gbígbẹ há sí i nírun, síbẹ̀ Olójé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, kò lè lọ.

Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Òun ló ń pinnu ìwọ̀n tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan máa gbé sáré. Ẹṣin tó bá ń borí, wọ́n á fi òjé kún gàárì rẹ̀ kó lè wúwo sí i. Èyí tó bá ń kẹ́yìn, wọ́n á dín tiẹ̀ kù, kí gbogbo wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ á wá wo ìwọ̀n náà lára pátákó kí wọ́n tó fowó lé ẹṣin. Ẹni tó jẹ ń bú Olójé, ẹni tí ò jẹ náà ń bú u. Ayé ti sú u díẹ̀.

Ìyá Ẹṣin ni wọ́n ń pe obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ. Òun ló ń tọ́jú ẹṣin yẹn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ṣé ẹ tún wá fi kún òjé wa ni?”

“Mo wá wò ó bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ èmi náà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.”

Olójé rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Bí eré bí eré, ó di ẹni tó ń yà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá Ẹṣin ní ẹni tó ń di ẹrù lé ẹlòmíì lẹ́yìn yẹ kó gbé garawa omi wò, ló bá ń bá a pọnmi. Wọ́n á dojú garawa délẹ̀, wọ́n á jókòó lé e. Nígbà tí Olójé ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Ìyá Ẹṣin ní kó jẹ́ kóun gbọ́ tẹnu bàbá òun ná.

Ẹ̀rù wá ba Olójé. Bó bá fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i, wọ́n á ní ìfẹ́ ló fọ́ òun lójú. Ló bá fi kílò mẹ́ta lé ìwọ̀n tó tọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má rí wí.

Ní ìyànà tó kẹ́yìn nínú eré ìje ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹṣin náà yẹ̀. Ó tiro wọlé.

“Ẹ mọ̀ pé ó pọ̀ jù,” Ìyá Ẹṣin wí.

Olójé ní òun mọ̀. Òun ò fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ ni.

“Torí ẹnu àwọn èèyàn lẹ ṣe di ẹrù lé ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ má wá síbí mọ́.”

Bàbá Ìyá Ẹṣin ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, àìjẹ ló pọ̀ jù. Kì í wo ẹsẹ̀ ẹṣin, ìwọ̀n nìkan ló ń wò. Nígbà tọ́mọ rẹ̀ sọ pé òun ti lé ọkùnrin kan, ó béèrè bóyá Olójé ni.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Pátákó ni. Ìwọ̀n ọkùnrin yẹn kì í lé, kì í dín. Lórí ẹṣin tìrẹ nìkan ló ti ṣì í. Mo ní, ẹni yìí ti fẹ́ràn ẹnì kan níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Mi ò fowó lé ẹṣin kankan lọ́jọ́ náà.” Ó mí kanlẹ̀. “Ohun tó ṣe ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Ó máa padà wá jẹ́wọ́. Mo fowó lé e.”

Ẹsẹ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń san nígbà tí Olójé tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò wọlé. Ó ní òun ti sọ fáwọn ọ̀gá pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹṣin náà ní ìwọ̀n tí kò tọ́.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Gàárì ni mo ń nù báyìí.”

“Ṣé ó dùn yín?”

“Ó rẹ̀ mí ni. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló dùn mí.”

Ìyá Ẹṣin wò ó títí, ó sì wá fi iwájú orí ti èjìká rẹ̀, ó dijú.

“Ẹ kọ́kọ́ bá mi pọnmi,” ó wí níkẹyìn. “Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá bàbá mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti gbà, àti pé àwọn ló jẹ.”

Tẹ́tẹ́ kan ṣoṣo tí bàbá náà jẹ lọ́dún yẹn nìyẹn.