Ìlú Orí Pátákó

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mutí, kì í purọ́, kì í sì í bẹ̀rù òjìji. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ibi tí kò bá yé ẹ, kò yé èmi náà.

Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ òórùn ìjà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn ló pawọ́ pọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀, àjọ náà sì ní àwọn alóre káàkiri ìlú kéékèèké. Èèyàn lásán ni wọ́n: tíṣà, télọ̀, nọ́ọ̀sì. Bí ọjà bá tú kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á pe fóònù orí tábìlì Farabalẹ̀. Bí àwọn ìyá bá ń kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí lọ́nà jíjìn, wọ́n á pè. Ẹlòmíì á ti máa gbọ̀n lórí fóònù, Farabalẹ̀ á ní, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.” Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Òun ló máa ń to gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ pọ̀, á wò ó síwá sẹ́yìn, á sì kọ ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó lágbára láti dá sí i.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ayé rẹ̀ tòrò. Ìyàwó rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun nìkan ló ń gba owó oṣù lórí ìjà tí kò ṣẹlẹ̀. Á rẹ́rìn-ín. Òrùlé wọn kò jò, àwọn ìbejì wọn ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jáde nílé láàárọ̀, á máa kọrin jẹ́jẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Lọ́dọọdún, òun ló ń kọ́ àwọn alóre tuntun. Ó ní ìlú kan tó fi ń kọ́ wọn. Kò sí ìlú náà níbì kankan, orí ara rẹ̀ ló ti mú un jáde. Á fi máákà dúdú yà á sórí pátákó funfun: àdúgbò Òkè, àdúgbò Ìsàlẹ̀, kànga kan ṣoṣo láàárín. Kò mọ nǹkan yà. Àwọn ilé náà máa ń rí wúruwùru. Á wá máa sọ àwọn àmì fún wọn. Ará Òkè àti ará Ìsàlẹ̀ ò kí ara wọn mọ́ létí kànga. Ṣọ́ọ̀bù ń tètè tì. Wọ́n ń kó ọmọ lọ. Ẹnì kan ra gbogbo kẹrosíìnì tó wà nílùú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa jiyàn pé kò tíì tó ohun tí à ń kéde. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni Farabalẹ̀ á ti mú máákà pupa, á fi kun gbogbo òrùlé.

“Ó ti jó,” á wí. “Ẹ pẹ́ jù.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ jẹun. Ẹ̀kọ́ náà kì í kúrò lọ́kàn wọn, inú Farabalẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọdún náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, fóònù orí tábìlì dún. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Inú ọ́fíìsì pa lọ́lọ́. Ojú fóònù, tó máa ń gbé nọ́ńbà ẹni tó ń pè jáde, kò gbé nǹkan kan jáde. Farabalẹ̀ gbé e.

“Ẹ káàsán, sà.” Ohùn obìnrin ni. “Mo ní kí n fi tó yín létí. Wọn ò kí ara wọn mọ́ létí kànga.”

Ó fa bírò. “Ẹ ṣé, mà. Láti ìlú wo?”

Lẹ́yìn obìnrin náà, ẹ̀rọ kan ń lọ nǹkan. Adìẹ ń ké.

“Ẹ mọ ìlú wa, sà. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ dó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà?”

“Ilé mi ló kángun sí kànga, lápá ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ máa ń ya ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́. Kì í ṣeé tì.”

Farabalẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ awakọ̀ àjọ wọn, nítorí aláwàdà gidi ni. “Ta ló rán yín sí mi?”

“Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ọdọọdún là ń jó, sà. A máa ń gbọ́ ọ lókè kó tó dé. Ó máa ń dún kíún, kíún, bíi pé nǹkan ń ha ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà, òrùlé á pọ́n. Mo ní ọmọ mẹ́ta. Mo máa ń gbé wọn sá, n kì í rí ibi sá lọ. Ọ̀nà ò kọjá etí ìlú.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò ya ọ̀nà kọjá etí ìlú rí. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó yà á. Máákà pupa sì máa ń ké lórí pátákó. Dúdú kì í ké.

“Lọ́dún yìí, ẹ ṣàánú wa,” obìnrin náà wí, fóònù sì gé.

Ó lọ bá ọ̀gá wọn. Obìnrin tí kì í fàkókò ṣòfò ni.

“Ìlú wo?” ọ̀gá bi í.

“Ìlú orí pátákó, mà. Eléyìí tí mo fi ń kọ́ wọn.”

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó títí. “Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Rárá, mà.”

“Ẹ lọ jẹun.”

Nígbà tó délé, ó ro ẹjọ́ náà fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dáwọ́ ẹ̀rín dúró.

“Bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́, Bàbá Ìbejì?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sáà ń jó wọn. Ẹ má jó wọn mọ́. Kí ló le níbẹ̀?”

“Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn ńkọ́?”

“Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Ṣé ìyẹn burú ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, fóònù tún dún lọ́sàn-án, kò sì sí nọ́ńbà. Gbólóhùn kan péré ni obìnrin náà sọ.

“Kẹrosíìnì ti tán nílùú, sà.”

Lọ́jọ́ kejì, Farabalẹ̀ wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó ya ìlú náà. Ó fara balẹ̀ ya ilẹ̀kùn ilé tó kángun sí kànga, ó sì jẹ́ kó tọ́. Ó sọ àwọn àmì. Ó ti máákà pupa bọ inú àpò ṣòkòtò.

“Lónìí, kò sí ìjóná,” ó ní. “Apá ọ̀tún, ará Òkè ni yín. Apá òsì, ẹ̀yin lará Ìsàlẹ̀. Ìjà kànga nìjà yín. Ẹ ò ní jẹun àfi tí ẹ bá parí ẹ̀.”

Wọ́n rò pé eré ni. Kò pẹ́ tó fi di ìjà gidi. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń nàka sí télọ̀ kan pé ará Ìsàlẹ̀ kì í ní ìtìjú. Télọ̀ ní omi ò mọ ẹni tó kàwé. Ebi ń pa wọ́n, ohùn ń ròkè. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé, atúnrédíòṣe ni, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó wá nawọ́.

“Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti kànga,” ó ní. “Kó má ṣe ará Òkè, kó má ṣe ará Ìsàlẹ̀. Kó máa pín omi fún wọn.”

“Ta ni yóò jókòó?” tíṣà bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Èmi ńkọ́? Mi ò níbi tí mò ń sáré lọ.”

Apá ọ̀tún gbà. Apá òsì gbà. Inú Farabalẹ̀ dùn débi pé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú máákà dúdú, ó ya èèyàn kékeré kan ní ìdúró sẹ́bàá kànga.

Yàrá náà dákẹ́ fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí iná bá lọ tí fáànù sì dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ jẹun. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé.

Nílé oúnjẹ, abọ́ kan ṣẹ́ kù.

“Atúnrédíòṣe dà?” Farabalẹ̀ bi wọ́n.

“Ta nìyẹn, sà?” télọ̀ dáhùn.

“Ẹni tó ní òun á jókòó ti kànga.”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Tíṣà ló rọra fèsì. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́, sà. Ẹ ní kí á wá ẹnì kan.”

Farabalẹ̀ padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó jókòó. Fóònù orí tábìlì dún bí ẹni pé ó ti ń dúró dè é.

“A dúpẹ́, sà.” Ẹ̀rín wà lóhùn obìnrin náà. Ọmọdé ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, korobá ń kan ara wọn. “Wọ́n ti ń kí ara wọn. Ilẹ̀kùn mi sì ń tì.”

Ayọ̀ gbá a láyà. Ó ṣòro fún un láti béèrè, ó sì béèrè. “Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ fún un ní fóònù.”

“Bọ̀dá olómi? Ó wà ńbí.”

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ohùn ọkùnrin wí. Ohùn atúnrédíòṣe ni.

“Ṣé o rọ́nà padà?”

“Padà síbo, sà?”

“Sílé. Sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ.”

“Ibí nilé.” Kò sí ìbẹ̀rù kankan nínú ohùn náà. “Ara mi balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti tò, mo fẹ́ bu omi.”

Ó gé e.

Farabalẹ̀ padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Nǹkan kan ń dún nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì. Fóònù alágbèéká ni. Orúkọ tó wà lójú rẹ̀ ni Màmá Mi. Ó gbé e.

“Ọmọ mi, o ò pè mí lónìí.”

“Òun kọ́, mà. Ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ni.”

“Háà, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé kò sí láburú o?”

“Kò sí, mà. Ó wà dáadáa. Inú ẹ̀ dùn.” Òótọ́ ni.

“Ọlọ́run ṣeun. Ìgbà wo ló ń bọ̀?”

Farabalẹ̀ mú dọ́sítà, ó rìn lọ sídìí pátákó. Bó bá nu èèyàn kékeré yẹn kúrò, bóyá á wálé. Bóyá á sì parẹ́ pátápátá. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ńkọ́, bí kò bá sẹ́ni tó ń pín omi? Ó gbé dọ́sítà sókè, ó sì wo èèyàn kékeré náà dáadáa.

Ní ìdúró ló yà á. Ó dá a lójú. Ọkùnrin náà ti jókòó. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, bíi ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ tán.

“Ẹ ń gbọ́ mi, sà?”

“Mò ń gbọ́ yín, mà.” Ó gbé dọ́sítà sílẹ̀. “Mi ò tíì mọ̀.”

“Kò burú. Màá tún pè lọ́la.”

Lóòótọ́, ó pè lọ́jọ́ kejì. Ó ń pè títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Farabalẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu pátákó, ó sì ń ṣáàjì fóònù náà láràárọ̀ kó má baà kú. Ìyá á béèrè bóyá ọmọ òun wà dáadáa, Farabalẹ̀ á ní ó wà dáadáa. Ìyá á béèrè ìgbà tó ń bọ̀, Farabalẹ̀ á ní òun ò tíì mọ̀. Ìyá á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó bá òun kí i.